Ìwé Kíkà fún Ọmọ Kó Tó Sùn

Ìbéèrè tí àwọn òbí kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀? Èsì mi kò yí padà rí: ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá tó gbọ́rọ̀. Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gbóhùn ìyá rẹ̀. Lọ́dún 1986, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Anthony DeCasper àti Melanie Spence, ní kí àwọn aláboyún máa ka ìtàn ọmọdé kan náà sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn oyún wọn. Nígbà tí wọ́n bímọ tán, àwọn olùṣèwádìí náà fi ohun àfimu sọ́mọ lẹ́nu, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ débi pé bí ọmọ bá ṣe ń mu ún ni yóò fi yan ìtàn tí yóò gbọ́. Ìtàn tí ìyá wọn ti ń kà láti inú oyún ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. Ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ ti mọ ìró ìtàn kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Nítorí náà, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lálẹ́ lè ṣí ìwé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kó máa kà á jẹ́jẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́fà yóò fẹ́ jẹ ìwé náà. Ẹ fún un ní ìwé páálí líle tí itọ́ kò lè tètè bà jẹ́, kó máa jẹ ẹ́, kí ẹ̀yin sì máa ka tiyín lọ. Tó bá tó ọmọ ọdún kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fẹ́ ṣí ojú ewé. Nígbà tó bá fi pé ọdún méjì, ẹ máa rí i tó ń gbé ìwé bọ̀ wá bá yín, tí yóò sì jókòó lé yín lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́jọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Kò tíì pẹ́ jù.

Àwọn dókítà pàápàá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìlera. Láti ọdún 1989 ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Boston ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tó wá gba ìtọ́jú ní ìwé mú lọ sílé, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Reach Out and Read. Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlànà iṣẹ́ wọn pé kí dókítà máa gba òbí níyànjú láti kàwé fún ọmọ láti ìgbà tó ti wà ní jòjòló.

Èrè tó wà nínú rẹ̀

Ẹ fetí sí bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. "Dìde. Lọ fọnu. Wọ bàtà ẹ. Ṣé o ò rí i pé bọ́ọ̀sì ti dé ni? Jẹun kíá." Tó bá dalẹ́, ó di "Bọ́ aṣọ ilé-ìwé ẹ. Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Ó yá, lọ sùn." Bí ilé ṣe ń rìn nìyẹn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́. Inú ìwé ni ọmọ ti máa bá aginjù pàdé, àti ahéré, kùkùté, akèrègbè, oríta mẹ́ta, ọba tó ń ké gbàjarè. Ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ pé ẹnì kan ń yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀, pé ara ọdẹ kan ń gbọ̀n rìrì, pé igi wó lulẹ̀ gbìì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ṣómólú nílùú Èkó, tí kò dé oko rí, yóò mọ oko.

Lọ́dún 2015, Jessica Montag àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwé àwòrán ọmọdé 100 jọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú wọn wé ọ̀rọ̀ tí òbí ń bá ọmọ sọ nínú ilé. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ló pọ̀ jù. Jessica Logan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tirẹ̀ wá ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2019: ọmọ tí wọ́n ń ka ìwé àwòrán kan fún lójoojúmọ́ yóò ti gbọ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 296,660 láti inú ìwé nígbà tó bá fi pé ọdún márùn-ún, nígbà tí ọmọ tí wọn kì í kàwé fún yóò gbọ́ nǹkan bí 4,660. Ìwé Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣírò, iye tiwa lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìwé kan péré lójúmọ́ ló ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yẹn. Kì í ṣe owó ilé-ìwé ńlá, kì í ṣe tíṣà lẹ́sìnnì.

Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí ni pé, tí wọ́n bá ń ka Yorùbá fún ọmọ lálẹ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní já gaara. Ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìdáhùn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èdè tó bá fìdí múlẹ̀ lẹ́nu ọmọ kì í lé èdè kejì jáde, ńṣe ló ń bá a gbé ẹrù. Kí ẹ fi ọkàn balẹ̀ ka Yorùbá yín.

Oorun náà wà lára èrè yìí. Lọ́dún 2009, Jodi Mindell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ìyá 405 àti àwọn ọmọ wọn kéékèèké. Wọ́n ní kí apá kan lára wọn máa ṣe ohun kan náà, ní ìtẹ̀lé kan náà, lálaalẹ́: kí wọ́n wẹ ọmọ, kí wọ́n fi ìpara ra á lára, kí wọ́n bá a ṣe nǹkan tí kò ní ariwo, kí wọ́n sì pa iná. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ náà ń tètè sùn, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jí lóru mọ́. Ara àwọn ìyá pàápàá yá gágá. Àwọn ìyá àgbà wa tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ, tí wọ́n ń fi òrí pa á lára, tí wọ́n wá ń pàlọ́ fún un lórí ẹní, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èrè kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé òbí kì í retí rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá bi lọ́sàn-án pé "Báwo ni ilé-ìwé?" yóò dá yín lóhùn pé "Dáadáa ni," ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n lálẹ́, bí ẹ bá kà á débi tí Ìjàpá ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó lè sọ wẹ́lẹ́ pé, "Bí wọ́n ṣe máa ń gba bísíkíìtì mi náà nìyẹn." Ìtàn ló là á lẹ́nu. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa ìwé dé, ẹ fi ìka yín sí ojú ewé, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dópin. Ìjàpá á dúró.

Àkókò, iná àti àyè

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹni tó bá pinnu láti máa fi wákàtí kan kàwé lálaalẹ́ kò ní í pẹ́ jáwọ́. Ẹ fi kíkà náà sí ìdí ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: lẹ́yìn ìwẹ̀, lẹ́yìn àdúrà alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ inú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ọmọ kò mọ aago, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó tẹ̀ lé ohun mìíràn. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó wẹ̀ fún un, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá gbé ìwé tán, torí pé ìwé kò lè bá fíìmù du ọmọ.

Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ Èkó kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí wọlé títí ọmọ fi ń sùn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ẹ fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀: ìyá àgbà, àǹtí tó ń bá yín gbé, ẹ̀gbọ́n tó ti wà ní ilé-ìwé girama. Òbí lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ka ìtàn kan, kí ẹni tó wà nílé gbé e sí ọmọ létí, kó sì máa ṣí ìwé náà fún un bí ohùn ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, òbí náà fúnra rẹ̀ ni kó kà á. Àwọn bàbá pẹ̀lú. Mo rí ilé tí bàbá ti rò pé iṣẹ́ obìnrin ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọkùnrin tí kò rí ọkùnrin kankan tó mú ìwé dání rí yóò gbà pé ìwé kì í ṣe ohun ọkùnrin.

Ní ti iná, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé NEPA. Àtùpà kékeré tí wọ́n ń gba iná sí lára, tàbí ti oòrùn, dára púpọ̀. Ẹ gbé e sẹ́yìn èjìká yín kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú ìwé, kì í ṣe sójú ọmọ. Àbẹ́là àti àtùpà kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ sún mọ́ àwọ̀n ẹ̀fọn rárá, àní bó ti wù kó kéré mọ. Ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń lé oorun lójú ọmọ, torí náà ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ló sàn jù. Tó bá jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni ìtàn wà, ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa dátà, kẹ́ ẹ sì di fóònù náà mú fúnra yín.

Ìwé wo ni ká kà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nítòsí. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìwé kíkà láti ìran dé ìran, ọ̀pọ̀ òbí ló sì lè rí i lórí igbá àwọn tó ń ta ìwé ilé-ìwé. Àwọn ìtàn kéékèèké inú rẹ̀ dára fún ọmọ ọdún mẹ́rin sókè. Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ kún fún àlọ́ tí ó ní orin, ó sì wúlò fún òbí tó bá ti gbàgbé bí àlọ́ ṣe ń lọ. Ìlú Ìbàdàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé wa pọ̀ sí, pàápàá ní àdúgbò Jẹ́ríkò. Ẹni tó bá ń kọjá lọ síbẹ̀, kó yà wọlé kó béèrè ìwé ọmọdé, kó má ṣe dúró dìgbà tí ilé-ìwé bá fún un ní àkọsílẹ̀ orúkọ ìwé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ń fúnni ní ìtàn aláwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ ní èdè Áfíríkà lóríṣiríṣi, èèyàn sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Tí owó ìwé bá wọ́n, ẹ ṣe é fúnra yín. Bébà mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ká sí méjì, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an láàárín. Ó ti di ìwé olójú-ewé mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ẹ kọ ìtàn ọmọ náà gan-an sínú rẹ̀, gbólóhùn kan lójú ewé kan: bó ṣe lọ sọ́jà pẹ̀lú ìyá àgbà, ohun tí wọ́n rà, ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́ wọn, bí wọ́n ṣe lé e. Kí ọmọ ya àwòrán rẹ̀. Ewúrẹ́ náà lè ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ẹ má tún un ṣe. Kò sí ìwé tí ọmọ yóò bèèrè fún tó ìwé tí orúkọ òun wà nínú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ka ìwé Yorùbá èyíkéyìí fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín lọ́sàn-án. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní ìwé kíkà, ahọ́n wa sì máa ń kọsẹ̀ nínú Yorùbá tí wọ́n tẹ̀, pàápàá tí wọn kò bá fi àmì ohùn sí i. Ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀ tó lè tàn yín. Ìwé yín ni, ẹ kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń kà á

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà kàwé fún ọmọ. Ó lè kà á láti orí dé òpin kí ọmọ kàn máa gbọ́, ó sì lè kà á kí òun àti ọmọ máa sọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀nà kejì yìí ni Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò lọ́dún 1988 pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan bí wọn yóò ṣe máa bi ọmọ ní ìbéèrè, tí wọn yóò sì máa fi kún èsì rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú ti àwọn ọmọ tí òbí wọn kàn ń kàwé fún lọ́nà tí wọ́n ti ń kà á tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe máa ń rí. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta ń wo ojú ewé kan nínú ìtàn Ìjàpá tó kó gbogbo ọgbọ́n ayé jọ sínú akèrègbè, tó fẹ́ lọ fi pa mọ́ sórí igi.

"Ta nìyí?"

"Ìjàpá!"

"Òun ni, Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Kí ló gbé kọ́rùn yẹn?"

"Igbá ni."

"Ó jọ igbá lóòótọ́. Akèrègbè ni. Ó fokùn so akèrègbè mọ́rùn, akèrègbè wá rọ̀ sí i láyà. Ó wá fẹ́ gungi. Ṣé ó máa lè gùn ún?"

"Kò lè gùn ún."

"Kí ló dé?"

"Akèrègbè ń dí i lọ́wọ́."

"Ó mà ń dí i o! Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe?"

"Màá pọ̀n ọ́n."

Ẹ wo ohun tí ìyá yìí ṣe. Nígbà tí ọmọ pè é ní igbá, kò sọ fún un pé irọ́ ni. Ó gba èsì náà, ó fi ọ̀rọ̀ tuntun lé e, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́ẹ̀mejì sí i nínú gbólóhùn kan. Kò pẹ́ tí ọmọ fi fi ẹnu ara rẹ̀ pe akèrègbè. Ìbéèrè rẹ̀ kò sì dúró sórí "ta nìyí," ó dé orí "kí ló dé" àti "kí lo máa ṣe." Ọmọ ọdún mẹ́ta ti bá Ìjàpá ronú, ó sì ti gbọ́n jù ú lọ kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kejì. Ìdùnnú tó wà nínú ìyẹn pọ̀ fún ọmọdé.

Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tó nínú ìwé kan. Tí ìtàn bá ti gbóná, ẹ kà á lọ, ẹ má já a. Ẹ má sì sọ àkókò oorun di ìdánwò. Ọmọ tí ẹ bá ń fipá mú ka álífábẹ́ẹ̀tì nígbà tí oorun ń kùn ún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìwé, ohun tí ẹ ń wá á sì bọ́ lọ́wọ́ yín.

Kí ohùn yín yí padà. Kí kìnnìún bú, kí Ìjàpá fi imú sọ̀rọ̀, kí Yánníbo bínú. Nínú àlọ́ àpagbè, ẹ̀yin lẹ máa lé orin, ọmọ lá máa gbè é. Tí ẹ ò bá mọ ohùn orin inú ìwé, ẹ fi ohùn orin ìjọ yín tàbí ti eré òṣùpá kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi yín. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé, ẹ lè fi àlọ́ àpamọ̀ kan tàbí méjì là á, torí pé ó máa ń kó ọkàn ọmọ jọ láti ibi tó bá ti tú ká sí.

Ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i

Ohun tó máa ń sú òbí jù lọ nìyí. Ọmọ yóò ní ìwé ewúrẹ́ yẹn náà ni òun fẹ́, lálẹ́ Mọ́ńdè, lálẹ́ Túsìdè, títí dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kà á fún un. Jessica Horst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò lọ́dún 2011 pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ka ìtàn kan náà fún àwọn kan léraléra, wọ́n ka ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun kan náà ló wà nínú gbogbo ìtàn náà, iye ìgbà tí wọ́n sì gbọ́ ọ bára mu. Àwọn tó ń gbọ́ ìtàn kan náà ló mọ ọ̀rọ̀ tuntun náà jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ ń wá bí ìtàn ṣe máa parí. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti mọ òpin rẹ̀, ọkàn rẹ̀ wá ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ilé tó ní ìwé márùn-ún péré kì í ṣe ilé tálákà. Tó bá di pé ọmọ ti mọ ọ́n lórí, ẹ dá ẹnu dúró sí àárín gbólóhùn kó parí rẹ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ pe ewúrẹ́ ní àgùntàn, kẹ́ ẹ wo bí yóò ṣe fò dìde láti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìwé náà, yóò jókòó fún àbúrò rẹ̀, yóò máa "kà á" bí ẹni tó mọ̀wé. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìwé kíkà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òbí tí kò mọ̀wé kà, àti òbí tó wà lókè òkun

Ìyá tí kò lọ sílé-ìwé lè ṣe gbogbo èyí. Kó ṣí ìwé àwòrán, kó máa sọ ohun tó rí níbẹ̀, kó máa bi ọmọ. Tí kò bá sí ìwé, kó pàlọ́. Àwọn àgbà tó ní ọmọdé kò gbọdọ̀ pàlọ́ lọ́sàn-án mọ̀ pé alẹ́ ni àkókò rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ìyá àgbà tó mọ àlọ́ ogún lórí ju àpótí ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham tàbí Houston, tiyín le díẹ̀ sí i, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ló yí ọmọ ká látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fi alẹ́ sílẹ̀ fún Yorùbá nìkan. Ètò Bookstart tó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham lọ́dún 1992 ń fún ọmọ ọwọ́ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbà á. Ilé-iṣẹ́ Mantra Lingua ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń tẹ ìwé ọmọdé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá jọ wà lójú ewé kan náà. Yorùbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Ọmọ lè dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má bá a jà, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn padà. Ìyá àgbà tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè kà á fún un lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ẹ bá fi irú ìwé kan náà ránṣẹ́ sí i.

Àwọn wàhálà tó máa ń yọjú

Ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra: ẹ kọ́kọ́ ka ti àbúrò, kí ẹ̀gbọ́n jókòó tì yín, kẹ́ ẹ wá ka tirẹ̀ tí àbúrò bá ti ń sùn lọ. Ọmọ tí kì í jókòó: ẹ jẹ́ kó máa rìn kiri inú yàrá, etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ìtàn tó ń dẹ́rù bani ń fẹ́ àròjinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àlọ́ wa kún fún iwin, fún ọmọ òrukàn, fún orogún tó ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ò gbà pé ká yọ wọ́n kúrò, torí pé ọmọdé ń bẹ̀rù bí a ò tilẹ̀ sọ ìtàn fún un, inú àlọ́ ló sì ti ń rí i pé ẹni tó bọ́ sínú igbó ń jáde. Ohun tí mo gbà ni pé kẹ́ ẹ má pa ìwé dé nígbà tí iwin ṣì ń lé ọmọ náà lọ. Ẹ kà á dé ibi tó ti délé, kẹ́ ẹ tó pa iná.

Ohun kan sì wà tí àwa Yorùbá fẹ́ràn jù, ìyẹn ni ká máa béèrè ẹ̀kọ́ inú ìtàn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lálẹ́. Ọmọ tó ti rí akèrègbè Ìjàpá tó fọ́ mọ́lẹ̀ ti gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́.

Ẹ má sì fi ìtàn alẹ́ fìyà jẹ ọmọ láé. Ọmọ tó ṣẹ̀ lọ́sàn-án lè pàdánù tẹlifíṣọ̀n, ó lè pàdánù súwíìtì. Tó bá pàdánù ìtàn, ó ti pàdánù yín nìyẹn, lọ́jọ́ tó nílò yín jù. Ẹ kà á fún un, bí inú ti ń bí yín náà. Ìgbà tí ẹ bá fi dé àárín ìwé, ìbínú á ti rọlẹ̀ lára ẹ̀yin méjèèjì.

Tó bá ti lè dá kàwé

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń jáwọ́ nígbà tí ọmọ bá dé kíláàsì kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á ní ó ti mọ̀wé kà. Àkókò yẹn gan-an ni kò yẹ kí wọ́n jáwọ́, nítorí pé ohun tí ojú ọmọ lè kà kò tíì tó ohun tí etí rẹ̀ lè gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń kọsẹ̀ nínú gbólóhùn kúkurú lè gbọ́ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ yékéyéké tí àgbà bá ń kà á fún un. Ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé ìwé náà jáde, gbólóhùn rẹ̀ gùn, òwe rẹ̀ pọ̀, ọmọ kò lè dá a kà. Ẹ ka ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lálẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, ẹ túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kó ka ìpínrọ̀ kan fún ẹ̀yin náà, èyí tó bá wù ú.

Ẹ máa dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, nígbà tí Àkàrà-oògùn àti ẹ̀dá abàmì kan bá dojú kọ ara wọn. Yóò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ka ojú ewé kan sí i. Ẹ sọ fún un pé ó dọ̀la, kẹ́ ẹ sì fi ìwé náà sílẹ̀ sórí tábìlì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Tí ẹ bá bá a lọ́jọ́ kejì tó ti kà á kọjá ibi tí ẹ dúró sí, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.